Ta Ló Gé Rọ́bà Katakata Pandhari?

Nígbà tí Ìnsípẹ́ẹ̀tọ̀ Hemangi Dhokale dé abà àwọn Khairnar láàárọ̀ Ajé, wọ́n ti fi jáàkì méjì gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kúrò lórí òkú. Pandhari Khairnar wà nílẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó. Ẹ̀mú tó fẹ́ fi gé wáyà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó dì í mú gírígírí bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà.

Kò ṣòro láti rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wáyà ọgbà àjàrà ló wé mọ́ àwọn abẹ ẹ̀rọ náà. Pandhari fi apá ẹ̀yìn katakata kékeré rẹ̀ gbé ẹ̀rọ sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ kó lè gé wáyà yẹn kúrò. Ohun tó wúwo tó ènìyàn mẹ́rin já lù ú láyà.

"Yunus ló pa á!" obìnrin kan ké lẹ́nu ọ̀nà abà.

Kí oòrùn tó mú, gbogbo abúlé Pimpalsonde ti ro ẹjọ́ náà, wọ́n sì ti dá a. Yunus Tamboli ni mẹkáníìkì wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ méjì ṣáájú, ló pààrọ̀ rọ́bà róbótó tó ń sé epo mọ́ inú ẹ̀rọ tó ń gbé apá katakata náà sókè. Bí rọ́bà yẹn bá dára, apá á gbé ẹrù dúró láìmì. Bí kò bá dára, epo á máa sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹrù á sì máa wálẹ̀.

Sahebrao, àbúrò òkú, ló ń dáhùn ìbéèrè. Ọkùnrin gíga ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún.

"Níbo lẹ wà nígbà tó ṣẹlẹ̀?"

"Òkè ọgbà lọ́hùn-ún, Madam. Mò ń po oògùn àjàrà. Mo kàn gbọ́ igbe. Kí n tó sáré dé ibí..." Ó fọwọ́ bojú.

"Ta ló fọwọ́ kan katakata lẹ́yìn náà?"

"Kò sẹ́nì kankan. Bẹ́ ẹ ṣe rí i yẹn la ṣe bá a. Jáàkì nìkan la lò."

Hemangi mi orí. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ katakata ni bàbá rẹ̀ fi bọ́ ọ ní Jalna, inú òjìji táyà ló ti ń sùn lọ́mọdé. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní ìbéèrè òmùgọ̀ ló ń bèèrè, ṣùgbọ́n àwọn tí ìbéèrè òmùgọ̀ yẹn ti gbé dé ẹ̀wọ̀n kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó tẹjú mọ́ ọ̀pá kékeré tó wà lápá ọ̀tún ìjókòó. Ọ̀pá yẹn ló ń pàṣẹ fún apá katakata. Bí wọ́n bá tì í síwájú, apá á wálẹ̀; bí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, apá á gòkè. Ẹ̀yìn pátápátá ni ọ̀pá náà wà.

Kọ́ńsítébù Nivrutti, àgbà ọkùnrin onírùnmú, sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ọ̀pá ní kó wà lókè, apá wà nílẹ̀. Rọ́bà ló dalẹ̀ nìyẹn."

"Rọ́bà tàbí èèyàn, ẹ̀gbọ́n Nivrutti."

Kí wọ́n tó mú Yunus dé àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọ̀dọ́ ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì ti fa ẹ̀wù ya mọ́ ọn lọ́rùn. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún epo ogójì ọdún tí ọṣẹ kankan ò lè fọ̀ mọ́.

"Bàbá Yunus, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe iṣẹ́ yẹn fún mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìjókòó."

"Mo tú ìjókòó kúrò. Mo tú àwọn bóòtù ìdérí, èmi àti Pandhari la jọ gbé ìdérí sílẹ̀. Mo yọ sìlíńdà, mo fi afẹ́fẹ́ ti písítìnnì jáde. Rọ́bà àtijọ́ ti gbẹ, ó ti là bíi gìgísẹ̀ arúgbó. Kò jẹ́ kí ẹrù dúró mọ́. Tó bá gbé ẹ̀rọ sókè lówùúrọ̀, á ti sún wálẹ̀ kó tó mu tíì tán."

"Á sún wálẹ̀? Kò ní já wálẹ̀?"

"Rọ́bà tó ti gbó kì í já ẹrù lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

"Mo fọ gbogbo ẹ̀. Mo fi epo pa rọ́bà tuntun, torí èyí tí wọ́n bá fipá tì wọlé ní gbígbẹ á ya. Mo wá fi òrùka líle tì í lẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn wo?"

"Ẹ̀yìn ibi tí epo ti ń tì í. Òrùka yẹn ni ògiri tí rọ́bà fẹ̀yìn tì. Bí èèyàn bá gbé e sí iwájú, iṣẹ́ ọjọ́ kan di òfo."

"Gọ́ọ̀mù wo lẹ fi lẹ ìdérí?"

"Pupa. Ogójì ọdún, pupa ni mò ń lò."

"Kí ló wá dé tó fi já?"

Yunus gbójú sókè. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Èmi náà ń bi ara mi. Mo ní kó máa ti igi sábẹ́ ẹ̀rọ kó tó wọ ibẹ̀. Ó ní, 'Bàbá, mo ti gbọ́.'"

"Kò sí igi kankan níbẹ̀. Irú èèyàn wo ni kì í ti igi sábẹ́ ẹ̀rọ?"

"Ẹni tó ń kánjú." Ó ronú. "Tàbí ẹni tí ẹnìkan tó fọkàn tán dúró tì."

Hemangi dìde. "Ẹ ò ní kúrò níbí títí di Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ bẹ̀ mí, mi ò ní ṣí ilẹ̀kùn yìí."

"Ọmọ mi, ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni?"

Hemangi jáde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin gbé òkú Pandhari lọ sétí odò fún sísun, àwọn obìnrin sì kóra jọ sílé, wọ́n ń sunkún. Hemangi ní òun fẹ́ ya àwòrán abà. Abà yẹn wà lẹ́yìn ọgbà, ó jìnnà sílé, ní abúlé tí katakata ti ń pariwo láti àárọ̀ dálẹ́. Òun àti Nivrutti nìkan ló wọ ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ṣọ́ọ̀kì."

"Ṣọ́ọ̀kì kẹ̀? Ṣé a fẹ́ kọ́ katakata níwèé ni?"

"Ẹ ṣáà wá a."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, Nivrutti ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ Daulat Nikam jáde. Aládùúgbò ni Daulat, oko rẹ̀ àti ti Khairnar pààlà. Gbogbo ayé ló gbọ́ nígbà tó lérí létí kànga pé bí Pandhari bá tún darí omi gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, òun á sin ín síbẹ̀.

"Mo sọ ọ́," ni Daulat wí, ó ń kó aṣọ sínú báàgì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Inú ló bí mi. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ ń gbẹ lójú rẹ̀, Madam, kí lẹ fẹ́ kó sọ, ẹ kú iṣẹ́?"

"Láàárọ̀ àná, níbo lẹ wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi. Òkúta inú kíndìnrín ń pa á lọ. Ọ̀sán yìí ni mò ń gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Nashik."

"Ta ló rí yín?"

"Òun tó ń ké. Ta ló tún kù?" Ó sé báàgì. "Ẹ mú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú mi, àmọ́ ẹ wá bá mi gbé e lọ o."

Nivrutti ti ń wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìdí rẹ̀. Hemangi mi orí fún un pé kó fi í sílẹ̀.

Ní ilé àwọn Khairnar, Mandakini, àbúrò Pandhari obìnrin, ló gbé tíì wá. Opó ni, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ó ti padà sílé ìyá rẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Pandhari, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú láìbímọ, ló gbà á sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó," ni Hemangi wí. "Kí ni Pandhari fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yìí?"

Mandakini wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. "Ó fẹ́ mú mi lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ́la. Nígbà tí bàbá wa kú, mo tẹ̀ka síwèé pé mo yọ̀ǹda ìpín mi fáwọn arákùnrin mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọbìnrin ń ṣe níbí. Tó ò bá tẹ̀ ẹ́, olójúkòkòrò ni ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní ohun tí àwọn ṣe ò dáa. Ó ní kí wọ́n dá a padà fún mi."

"Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo wa la jọ ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nígbà tó sọ ọ́."

"Kí ni Sahebrao sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Oúnjẹ rẹ̀ ò tíì tán. Ó fọwọ́, ó dìde."

Hemangi mu tíì rẹ̀ tán. Kó tó lọ, ó pe Sahebrao àti ìyá wọn, Ìyá Anusaya, síta, ó sì ní kí Daulat kọ́kọ́ dá mọ́tò tó fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bẹ́ ẹ ṣe wà níbí, kí gbogbo yín gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ a máa tú katakata yẹn níwájú gbogbo abúlé. A fẹ́ fi ojú ara wa wo rọ́bà tí Yunus fi síbẹ̀. Tó bá ti ya, ẹ̀wọ̀n ni Yunus ń lọ."

"Tí kò bá ya ńkọ́?" Sahebrao bèèrè.

"Ẹ jẹ́ ká rí i ná."

Ó ní kí wọ́n ti abà pa. Kọ́kọ́rọ́ Pandhari wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Èyí tó kù wà lórí ìṣó nínú yàrá Ìyá Anusaya, ibẹ̀ náà ló sì fi í sí. Kò fi ọlọ́pàá kankan ṣọ́ abà.

Ní Ọjọ́bọ̀, abúlé kún inú abà dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Yunus kó lè ṣiṣẹ́.

"Apànìyàn!" ẹnìkan kígbe. "Ẹ má fún un ní sípánà, á tún pa òmíràn!"

Yunus gba sípánà. Ó tú ìjókòó. Ó tú bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí àpò bí ẹni to owó ẹyọ. Nígbà tí ìdérí ṣí, ó dúró, ó fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Madam. Gọ́ọ̀mù dúdú nìyí."

"Ẹ máa tú u lọ, bàbá."

Ó yọ sìlíńdà. Wọ́n bá a ti písítìnnì jáde, epo ṣàn sílẹ̀. Yunus fi aṣọ nù ún, ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Rọ́bà náà ti gé. Ojú ibi tó gé mọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ la tòmátì.

Ariwo sọ. Sahebrao bú sẹ́kún, ó na ìka sí mẹkáníìkì. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ohun tó fi pa ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ mi nìyí!" Yunus ń kígbe. "Ẹ wo òrùka! Iwájú ni wọ́n gbé e sí! Ta ló ṣe èyí? Ta ló tú iṣẹ́ mi?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni Hemangi wí. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì tàn dé ẹ̀yìn. Ó gba rọ́bà náà, ó gbé e sókè. "Sahebrao, ẹ ti ṣiṣẹ́ ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù katakata rí, àbí?"

"Ọdún mẹ́fà, ní Pune. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ẹ wá kọ́ mi. Ṣé katakata tí rọ́bà rẹ̀ gé báyìí lè gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ sókè?"

Sahebrao yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Yunus, ẹ bá a dáhùn."

"Kò lè gbé agbọ̀n àjàrà."

"Bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ tó já lu Pandhari, ó kọ́kọ́ gòkè. Èèyàn kì í wọ abẹ́ ohun tó wà nílẹ̀. Ìyẹn ni pé láàárọ̀ Ajé, rọ́bà yìí ò tíì gé."

"Ó lè ya lẹ́yìn tó gbé e sókè tán!" Ohùn Sahebrao ga. "Ẹrù wà lórí ẹ̀, ó ya lójijì! Mo ti rí i rí ní Pune!"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Hemangi wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ̀gbọ́n Nivrutti bá mi wá ṣọ́ọ̀kì."

Nivrutti jáde síwájú, ó fa rùnmú rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tẹ́ ẹ wà létí odò, a tan katakata yìí. A gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ sókè, a pa ẹ́ńjìnnì, Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó tì í. Kò kúrò lójú àmì yẹn, kódà níwọ̀n ìbú èékánná. Ìgbà tí a fọwọ́ ti ọ̀pá síwájú ló tó wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wálẹ̀. Gbàm!"

Ẹnìkan mí kanlẹ̀ nínú èrò.

"Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ikú Pandhari," ni Hemangi wí, "iṣẹ́ Yunus ṣì dúró bí àpáta. Rọ́bà kọ́ ló pa Pandhari. Ẹnìkan ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó yìí, tó ti ọ̀pá síwájú, tó sì fà á padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó ti pa á, ká lè ní rọ́bà ló dalẹ̀. Nígbà tí mo wá kéde pé a máa wo rọ́bà, jìnnìjìnnì bá ẹni náà, torí rọ́bà tó dára ni ẹlẹ́rìí tó máa tú u fó. Ó wá gé e. Yunus wà láhàámọ́ mi látọ̀sán Ajé. Daulat wà nílé ìwòsàn ní Nashik títí di àárọ̀ yìí. Mo ti bá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò já kọ́kọ́rọ́ abà. Ta ló kù tó lè ṣílẹ̀kùn yìí, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú katakata?"

Àwọn tó dúró ti Sahebrao bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àlá lásán nìyẹn," ni Sahebrao wí. "Ẹ ò rí mi. Kò sẹ́ni tó rí mi. Ṣé ilé ẹjọ́ á gbọ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni?"

Òótọ́ ló sọ, Hemangi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rìn kọjá lára rẹ̀, ó lọ bá Ìyá Anusaya níbi tó jókòó sí lórí àpò ajílẹ̀, Mandakini dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ́ṣọ̀ọ́ síwájú arúgbó náà. Àtìgbà tó ti rí ìṣó yàrá yẹn ló ti mọ̀ pé ibí lọ̀rọ̀ máa parí sí, ó sì ti ń gbàdúrà kó parí síbòmíràn.

"Màmá, orí yín ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ń kọjá kó tó kúrò lórí ìṣó. Ẹ sì rí epo tó ṣàn sílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá tú ẹ̀rọ náà, epo á dà sí i láṣọ. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fọṣọ ilé. Aṣọ ta ni?"

"Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀!" Sahebrao kígbe. "Arúgbó ni, kò mọ nǹkan kan!"

Ìyá Anusaya ò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń wo epo tó ń wọ ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ méjì ni mo bí," ó wí níkẹyìn. "Ẹ ti sun ọ̀kan létí odò. Tí mo bá la ẹnu mi, ìkejì lọ nìyẹn. Kí ló kù fún mi? Ṣé kí n di àgàn lọ́jọ́ ogbó ni?"

Lẹ́yìn rẹ̀, Mandakini sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga ju ti ẹni tó ń bèèrè iyọ̀.

"Ìyá, èmi ńkọ́?"

Arúgbó náà yíjú padà. Ó wo ọmọbìnrin rẹ̀ pẹ́, ara tó ń wọ aṣọ opó, ọwọ́ tó ń dáná fún un lárààárọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ló dojú rẹ̀ kọ.

"Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú ni. L'Ọ́jọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ẹ̀rọ omi lòun ń tún ṣe. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, epo ò lọ. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Ìyá!"

"Mo ti mọ̀ nígbà tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún fọ̀ ọ́."

Sahebrao fò sókè, Nivrutti sì ti dì í mú lápá. "Ilẹ̀ bàbá wa ni!" ó ń pariwo. "Ó fẹ́ gé e fún ẹni tó ti lọ sílé ọkọ! Mo bẹ̀ ẹ́! Mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yẹn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúró ti ọ̀pá bá òun, pé ìgbà tí mo wà níbẹ̀ òun ò nílò igi..."

Ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ.

Nivrutti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Nínú èrò, àwọn tó ti kígbe apànìyàn láàárọ̀ ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó mú sípánà tó já bọ́, ó nà án sí Yunus láìwojú rẹ̀. Yunus gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn bóòtù padà sínú àpò.

Wọ́n ti ń mú Sahebrao lọ sídìí jíìpù nígbà tí Ìyá Anusaya di ẹ̀wù Hemangi mú.

"Ọmọ mi. Níbi tẹ́ ẹ̀ ń mú un lọ, ṣé wọ́n ń fúnni lóúnjẹ? Kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀."

Hemangi na ọwọ́ sókè kí wọ́n dá jíìpù dúró.

Mandakini ló kúrò lẹ́yìn àpò ajílẹ̀. Ó gba àárín ọgbà àjàrà lọ sílé, kò sáré, kò sì yíjú. Gbogbo wọn dúró, jíìpù ń kùn lẹ́nu ọ̀nà, títí ó fi padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ bhakri méjì àti ata ẹ̀pà tó dì sínú aṣọ. Kò wo àbúrò rẹ̀. Ó fi lé Nivrutti lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nílẹ̀.